Àwọn Akàndá Láàárín Wa, Òfin Ìjọba Àpapọ̀, àti Àtẹ̀gùn Ilé Ìpàdé Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ wa ní Adó-Èkìtì)

  Ẹni tí a bá fi ọ̀rọ̀ lé lọ́wọ́ níwájú àgbà, ìbà ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jú. A júbà Ewì, a júbà àwọn ọba Èkìtì gbogbo, a júbà àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ tí wọ́n ti sùn. Kí ọ̀rọ̀ wa má ṣe wúwo létí ẹnikẹ́ni, nítorí ara wa ni a fẹ́ bá wí.

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a wá ṣe àlàyé òfin tí Ìjọba Àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2019 nítorí àwọn afọ́jú, adití, arọ, àti gbogbo àwọn tí ipò ara wọn tàbí ti ọpọlọ wọn yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. A ó ṣe é. Ṣùgbọ́n kí a tó dé Abùjá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ilé kan nínú ìlú yìí.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí a kò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níhìn-ín mọ̀ ọ́n. Bí a bá ní aago mẹ́wàá ni ìpàdé, aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni bàbá náà yóò ti jókòó, kí akọ̀wé tó dé. Nígbà tí ó ṣe, a kò rí i mọ́. Ìpàdé kan kọjá, èkejì kọjá, ẹ̀kẹta kọjá; ìlànà ẹgbẹ́ sì ni pé kí ẹni tí ó bá pa ìpàdé mẹ́ta jẹ san owó ìtanràn. A bu owó náà lé e. Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn tí ó na ọwọ́ sókè. Bàbá fi owó náà rán ọmọ rẹ̀ wá láìjanpata. Lẹ́yìn náà ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì wá, àwa mẹ́ta bá dìde, a lọ kí i.

A bá a lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbà ti mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ já gaara, ọgbọ́n rẹ̀ kò dín. Nígbà tí a bi í léèrè ìdí tí kò fi ránṣẹ́ sí wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin kọ́ ni ẹ lé mi, àtẹ̀gùn yín ni ó lé mi. Mọ́kànlá ni wọ́n, mo ti kà wọ́n. Mo lè ní kí àwọn ọ̀dọ́ gbé mi. Ṣùgbọ́n a kì í gbé àgbà bí àpò kòkó wọ inú ìgbìmọ̀.”

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí ni a gbé wá síwájú yín lónìí. Bí ẹni tí ó ní ilé, tí ó ní oyè, tí ó ní ọmọ tí ó gbọ́ràn, bá lè di ẹni ìta nítorí àtẹ̀gùn mọ́kànlá, kí ni a ó sọ nípa ọmọ aláìlẹ́nìkan tí a bí ní adití ní oko?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ, nítorí ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, “aláàbọ̀ ara” ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ́pọ̀. A mọ̀ pé ẹni tí ó ń lò ó kò ní i lọ́kàn láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò: kí ni ó jẹ́ àbọ̀ lára bàbá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn ha di ìdajì ènìyàn bí? Orúkọ mìíràn wà tí ó dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, èyíinì ni “akàndá”, ẹni tí Ẹlẹ́dàá dá lọ́nà tirẹ̀. Èyí ni a ó máa lò títí a ó fi jókòó.

Àwọn baba wa pàápàá kò ṣàìmọ èyí. Wọ́n ní Ọbàtálá ni ó mọ abuké, àfín, arọ àti aràrá, nítorí náà ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní ẹni òrìṣà, tí wọ́n sì fi ṣe èèwọ̀ láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ní ààfin àwọn ọba ńlá ilẹ̀ Yorùbá, abuké àti aràrá kì í ṣe ẹni ìta. Wọ́n ní iṣẹ́ wọn níwájú ọba. Ṣùgbọ́n kí a má purọ́ fún ara wa nítorí pé a fẹ́ràn àṣà wa. Ọ̀wọ̀ tí a fi fún ẹni òrìṣà ní ìbẹ̀rù nínú. Àwọn ìyá kan wà tí wọ́n fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, kí àlejò má baà rí i, kí àwọn àna má baà sọ pé àrùn wà nínú ìdílé. Títí di òní olónìí, bí adití bá wọ inú agbo wa, ọ̀pọ̀ wa kò mọ bí a ti í kí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbé àṣà rere lárugẹ gbọ́dọ̀ ní ìgboyà láti sọ èyí tí kò dára kalẹ̀.

Ìfipamọ́ yìí ni ó fà á tí a kò fi mọ iye wọn. Ní ìkànìyàn ọdún 2006, nígbà tí a ka gbogbo ènìyàn Nàìjíríà sí mílíọ̀nù 140 àti díẹ̀, àwọn akàndá tí a rí kà jẹ́ 3,253,169, èyí tí kò tó mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọdún 2018, nígbà tí àwọn oníwàádìí ìlera ń lọ láti agboolé dé agboolé, wọn kò béèrè pé “Ta ni akàndá nínú ilé yìí?” Ohun tí wọ́n béèrè ni pé ta ni ìríran, ìgbọ́ràn, ìrìn tàbí ìrántí ń ṣòro fún, nígbà náà ni wọ́n rí i pé bí méje nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn ju ọdún márùn-ún lọ ni ó ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀, kékeré tàbí ńlá. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ní gbogbo ayé, ẹnì kan nínú ẹni mẹ́fà ni ọ̀rọ̀ yìí kàn ní pàtàkì. Láti mẹ́ta dé méje, láti méje dé mẹ́rìndínlógún: kì í ṣe pé àwọn ènìyàn náà ń pọ̀ sí i láàárín òru. Bí a bá ti béèrè ni a ó ti gbọ́ ìdáhùn. Ìjọba tí kò bá sì mọ iye ọmọ tí ó ní kò lè mọ iye oúnjẹ tí yóò sè.

Ẹ̀yin kan lè sọ pé nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe ní orílẹ̀-èdè wa, pé Nàìjíríà kò lè ka ènìyàn pé. A fẹ́ kí ẹ rántí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ní ọdún 2012, nínú 223 ọmọ tí a gbọ́ pé àrùn náà mú ní gbogbo ayé, 122 ni ti Nàìjíríà nìkan. Ìtìjú ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn abẹ́rẹ́-àjẹsára lọ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ẹ̀kán oògùn. Wọ́n fi ẹfun sàmì sára ògiri, wọ́n fi tàdáwà kun ìka ọmọ tí ó ti gba oògùn. Àwọn ọba ilẹ̀ Òkè-Ọya, tí àwọn ènìyàn wọn ń bẹ̀rù oògùn náà, jáde ní gbangba láti ṣí i lẹ́nu àwọn ọmọ. Ní ọjọ́ 25 oṣù Ògún, ọdún 2020, a kéde pé àrùn náà, èyí tí ó ń tàn kiri fúnra rẹ̀, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo Áfíríkà. Nǹkan tí ìjọba àti ọba bá jọ fi ọwọ́ mú, ó ń dì mú. Àwọn tí àrùn náà ti bá jà kí ó tó lọ ṣì wà láàárín wa. Ẹ̀tọ́ tiwọn ni ó kù.

Ǹjẹ́, òfin náà ńkọ́? Ọ̀nà tí ó gbà dé jìn. Ìjọba ológun ti gbé òfin kan jáde fún àwọn akàndá ní ọdún 1993, ṣùgbọ́n orí ìwé ni ó kú sí. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní apá rẹ̀ 42, kọ̀ kí a ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀ nítorí ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn, tàbí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Kò dárúkọ akàndá. Ní ọdún 2006 ni Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé ṣe àdéhùn ńlá lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní 2007, ó sì gbà á wọlé pátápátá ní 2010. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akàndá fúnra wọn ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Àwọn aṣòfin á fọwọ́ sí i, ààrẹ kò ní fọwọ́ sí i. Wọn á tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìpínlẹ̀ Èkó kò dúró, ó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọdún 2019, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó fọwọ́ sí ti àpapọ̀. Kò sí ẹni tí ó fún àwọn akàndá ní òfin yìí ní ọ̀fẹ́. Wọ́n jà fún un ni.

Kí ni ó wà nínú rẹ̀? A ó mú díẹ̀. Ó ka yíya akàndá sọ́tọ̀ léèwọ̀: ẹni tí ó bá ṣe é lè san ₦100,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì, bí ó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́, ₦1,000,000 ni yóò san. Ó ní kí akàndá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé òpin ilé-ẹ̀kọ́ girama, kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba sì lè gbà á. Ó ní kí a kọ́kọ́ dá akàndá lóhùn níbi tí àwọn ènìyàn bá ti ń tò. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ ìjọba gbà wọ́n síṣẹ́ kí wọ́n tó 5 nínú 100. Ó ní kí òṣìṣẹ́ tí ó bá fọwọ́ sí àwòrán ilé tí akàndá kò lè wọ̀ san owó tí kò dín ní ₦1,000,000, tàbí kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Ó dá Àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí gbogbo èyí. Paríparì rẹ̀, ó fún ìlú ní ọdún márùn-ún láti tún gbogbo ilé àti ọkọ̀ tí ó wà fún ìlò gbogbo ènìyàn ṣe, kí akàndá lè wọ̀ ọ́ láìbẹ̀bẹ̀.

Ẹ fi ọkàn bá wa ṣírò. Ọdún márùn-ún láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2019 parí ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024. Ẹ rìn láti Òkèṣà dé Ìjìgbò, kí ẹ gba Ajílósùn padà. Ẹ wo báńkì, ẹ wo ilé-ẹjọ́, ẹ wo ilé ìjọsìn, ẹ wo ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì ka iye ibi tí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọ̀ láìjẹ́ pé a gbé e. A mọ̀ pé ilẹ̀ wa jẹ́ ilẹ̀ olókè, tí ọ̀pọ̀ ilé kò lè ṣàìní àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n òkè kọ́ ni ó kọ́ ilé, ènìyàn ni. Ẹni tí ó lè ru sìmẹ́ǹtì gun òkè láti mọ àtẹ̀gùn lè mọ ọ̀nà kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí yóò rọra máa gòkè láìní ìgbésẹ̀. Èyí tí ó mú ọ̀rọ̀ náà burú jù ni àwọn ilé tí a kọ́ lẹ́yìn tí òfin ti jáde, tí wọ́n sì ṣe bí ẹni pé òfin kò sí.

Kí a sì sọ òtítọ́ nípa òfin náà. Ó ní ibi tí ó ti rọ̀. Níbi tí ó ti sọ ti iṣẹ́, ó fi kún un pé “bí ó bá ti ṣeé ṣe tó”. Ojú ihò yìí ni ọ̀lẹ ọ̀gá ń gbà sá jáde. Àti pé òfin àpapọ̀ nìkan kò tó fún ọ̀rọ̀ ilé, ilẹ̀ àti ilé-ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di tirẹ̀. A dúpẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò gbẹ́yìn: ó ti ṣe òfin tirẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì tí a yàn fún ọ̀rọ̀ àwọn akàndá. Ṣùgbọ́n òfin dàbí ìlù tí a gbé kọ́ ògiri. Bí kò bá sí ẹni tí ó lù ú, kò lè dún.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, nítorí ẹ̀kọ́ ni Èkìtì fi ń yangàn. Láti ìgbà tí a ti dá Christ's School sílẹ̀ ní ọdún 1933, tí ó sì ti jókòó sórí òkè Àgídímọ̀, kò sí ibi tí a kì í ti í gbọ́ pé ilẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni ilẹ̀ wa. Ó dára. Ǹjẹ́ a ti bi ara wa léèrè iye ọ̀jọ̀gbọ́n tí a so mọ́ ẹ̀yìnkùlé nítorí pé a bí wọn ní afọ́jú tàbí adití? Ohun tí afọ́jú nílò láti kàwé kò fara sin. Louis Braille, ọmọ Faransé tí ojú rẹ̀ fọ́ ní kékeré nínú ìsọ̀ baba rẹ̀ tí ń ṣe ohun ìjánu ẹṣin, ti gbé ìwé àfọwọ́kà jáde ní ọdún 1829. Èdè Yorùbá wa pàápàá ní ọ̀nà kíkọ tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ti àwọn adití, Andrew Foster, adití ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, kọjá òkun wá, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ghana ní 1957, ó sì dá ti Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1960. Ó mú èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà wá. Àwọn onímọ̀ èdè sì ti fi hàn wá pé àwọn adití ilẹ̀ Yorùbá ní èdè ọwọ́ tiwọn, tí ó ti inú ìṣe ọwọ́ àti ojú wa jáde. Ẹ wo bí ó ti jẹ́ ìyanu tó: èdè kan wà lábẹ́ òrùlé wa, ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń dá ààbò bo èdè kò sì tíì kọ ìlà kan nípa rẹ̀.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà kò jìnnà sí wa. Ti afọ́jú wà ní Ìkẹ́rẹ́, ti adití wà ní Ìkòrò, ti àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn kò yára wà ní Ìdó-Ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ń kọ́ olùkọ́ fún irú iṣẹ́ yìí ti wà ní Ọ̀yọ́ láti ọdún 1977. Ọmọ Adó lè dé Ìkẹ́rẹ́ kí ẹ̀kọ gbígbóná tó tutù. Síbẹ̀, òbí wà ní ìlú yìí tí kò mọ̀ pé ibẹ̀ wà; òmíràn mọ̀, ṣùgbọ́n ó rò pé owó tí a ná lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti ṣòfò. Ẹ̀yin àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí àwọn ọmọ wọ̀nyí wọ́ lójú wa.

Nípa ti agbe ṣíṣe, a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ wa. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi akàndá ṣagbe, tàbí kí ó máa mú un kiri láti fi gba owó. A ti rí i ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba: afọ́jú di ọ̀pá mú, ọmọdé kan di orí ọ̀pá náà mú níwájú. Àwa á ju owó, a ó máa lọ, ọkàn wa á balẹ̀ pé a ti ṣe àánú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ènìyàn méjì ni ó wà lórí ọ̀pá kan yẹn. Afọ́jú náà kò rí iṣẹ́ kọ́. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ríran kedere náà kò sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Owó wa ni ó ń san owó ọ̀yà ìpàdánù méjèèjì. A kò sọ pé kí a lé wọn ní ọjà. Ẹni tí a bá lé láìfún un ní iṣẹ́, ebi ni a lé e sí. Ohun tí a sọ ni pé àánú tí kò ní ètò nínú kì í tán ìyà.

Ẹ̀bùn kò tíì fi ìgbà kan ṣọ̀wọ́n láàárín wọn. Ta ni kò gbọ́ orúkọ Benjamin Aderounmu, tí ayé mọ̀ sí Kokoro? Ọmọ ọba Ọ̀wọ̀ ni, ojú rẹ̀ fọ́ ní èwe, ó sì ń lu sámbà, ó ń kọrin ní ìgboro Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí Cyprian Ekwensi fi kọ ìwé Drummer Boy ní 1960 látinú ìtàn ayé rẹ̀. Ó wà láàyè títí di ọdún 2009. Ojú pópó ni pẹpẹ rẹ̀. A gbọ́ orin rẹ̀, a jó sí i. Ṣùgbọ́n a kò ronú pé ìlú jẹ ẹ́ ní ohunkóhun. Àwọn àgbà ní bí afọ́jú bá ní òun yóò sọ òkò, ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan. Èyíinì ni pé ẹni tí a rò pé kò lè ṣe nǹkan ti mọ ohun tí yóò fi ṣe é.

A mọ àwọn ìdáhùn tí ẹ̀yin kan ti ní lẹ́nu. Ẹnì kan yóò ní, “Owó dà?” A ó bi í pé èló ni ọ̀nà pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn fi ju aṣọ ẹbí ọdún kan ẹgbẹ́ wa lọ. Ẹlòmíràn yóò ní, “Wọn kò pọ̀, a kì í rí wọn ní ìpàdé.” Bí a ti ṣe rí wọn, nígbà tí àtẹ̀gùn ti dá wọn dúró ní ìsàlẹ̀? Ẹ̀kẹta yóò ní, “Ọ̀rọ̀ tiwọn ni, kì í ṣe tiwa.” Fún ẹni yìí ni a ní ìdáhùn tí ó kúrú jù: ẹni tí ó bá gbàdúrà kí òun pẹ́ láyé ti gbàdúrà kí òun dé ibi tí ojú yóò ti máa ṣú, tí etí yóò ti máa di, tí orúnkún yóò ti máa kọ iṣẹ́. Alùpùpù kan ṣoṣo ní ìkóríta tó láti sọ akọni di arọ ní ìṣẹ́jú kan. Ilé tí a bá kọ́ fún akàndá lónìí, ara wa ni a kọ́ ọ fún.

Nítorí náà, a gbé àbá márùn-ún wá síwájú ìpàdé yìí, a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fọwọ́ sí wọn kí a tó túká.

Èkíní, kí a mọ ọ̀nà tí kò ní àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìpàdé yìí, kí ó sì parí kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó pé. Kí a tó kọ ìwé sí ìjọba pé kò pa òfin mọ́, ẹ jẹ́ kí àwa ti pa á mọ́.

Èkejì, kí àwọn ìjòyè àdúgbò, pẹ̀lú àwọn ìyálọ́jà, bá wa wá àwọn ọmọ akàndá tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Kí a má fi ariwo ṣe é, kí a má fi ìtìjú kan òbí kankan. Àwọn ìyá ni kí a rán sí àwọn ìyá. Bí a bá ti ní orúkọ wọn, kí aṣojú ẹgbẹ́ tẹ̀lé òbí dé Ìkẹ́rẹ́, Ìkòrò tàbí Ìdó-Ilé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn ọmọ náà bá ti rí.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ ran olùkọ́ kan lọ́wọ́ láti kọ́ èdè ọwọ́, kí ó lè máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa àti ní ilé-ẹjọ́ ìbílẹ̀. Kí a tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nípa èdè ọwọ́ ilẹ̀ Yorùbá nínú ìwé oṣooṣù yìí.

Ẹ̀kẹrin, kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn aṣòfin wa sọ̀rọ̀ lórí àwòrán ilé: láti òní lọ, kí a má fọwọ́ sí ilé ìlò gbogbogbòò kankan ní Adó tí akàndá kò lè wọ̀. Kí idajì àwọn tí yóò lọ jẹ́ akàndá fúnra wọn, nítorí a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Bí wọ́n ti ń fi ìwé àfọwọ́kà ran afọ́jú lọ́wọ́ láti dìbò fúnra rẹ̀ láti ìdìbò ọdún 2019, tí kò fi ní láti sọ fún ẹlòmíràn ẹni tí ó yàn, bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ ọ̀ràn ara wọn.

Ẹ̀karùn-ún, àbá yìí kéré, ṣùgbọ́n òun ni ó sún mọ́ ọkàn wa jù. Kí akapò dá owó ìtanràn bàbá náà padà, kí alága àti akọ̀wé fi ọwọ́ ara wọn gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì bẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe òun ni ó pa ìpàdé jẹ. Ìpàdé ni ó pa á tì.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ti mọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀ pé kò sí ara kan tí ó lè ṣe ohun gbogbo. Lórí èyí ni a kọ́ ìlú lé: kí ẹni tí ó lè dé pẹpẹ gbé ohun tí ó wà níbẹ̀ wá, kí ẹni tí ó lè wọ akèrègbè mú èyí tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, kí gbogbo wa sì jọ jẹun. Abùjá ti kọ òfin tirẹ̀. Òkúta mọ́kànlá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà wa ni ó kù, kò sì sí ààrẹ tí yóò wá bá wa ṣí i.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a pẹ́ láyé, kí ó sì jẹ́ kí a lè wọ ilé tí a fi ọwọ́ ara wa kọ́.